Ó Ku Ojú

Nílé wa, ara aṣọ la ti ń bẹ̀rẹ̀ èèyàn yíyà. Bí oníbàárà bá wá sí ṣọ́ọ̀bù bàbá mi ní Òkè-Àdó, n'Ìbàdàn, pé kí wọ́n ya òun, ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ni yóò kọ́kọ́ fi ọ̀dà funfun pa pátákó náà, tí wọn yóò sì ya ohun tó máa wà lẹ́yìn oníbàárà: kọ́tìnì, àga onítìmùtìmù, òdòdó nínú ife. Lẹ́yìn náà ni yóò kan èmi àbúrò wọn obìnrin. Èmi ni mo ni aṣọ. Léèsì o, àrán o, aṣọ òkè o, ohun tí télọ̀ bá ti lè rán, mo lè yà á. Bí mo bá ṣe tán, bàbá mi á fọ ọwọ́ wọn, wọ́n á lé gbogbo wa jáde, wọ́n á wá ya ojú. Àwọn àlùfáà àdúgbò ti sọ fún wọn pé ẹni tó bá ń ya ohun ẹlẹ́mìí máa rojọ́ lọ́jọ́ ìkẹyìn, nítorí náà wọ́n máa ń tọrọ àforíjìn lọ́wọ́ Ọlọ́run bí wọ́n bá ti ya ojú kan tán. Wọ́n á tọrọ àforíjìn tán, wọ́n á sì mú pátákó mìíràn.

Iṣẹ́ ọwọ́ kì í ṣe àjèjì nínú ìdílé wa. Bàbá bàbá mi fín igbá l'Ọ́yọ̀ọ́ títí ẹ̀yìn wọn fi tẹ̀. Ìyá mi, kí Ọlọ́run kẹ́ wọn, ń fi ìyẹ́ adìẹ ya àdìrẹ ẹlẹ́kọ, ìyẹ́ yẹn náà ni wọ́n sì fi kọ́ mi bí a ṣe ń fa ìlà tí kò ní gbọ̀n. Mo ti rò ó lọ́kàn mi pé bí mo bá pé ọmọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, bàbá mi á kọ́ mi ní ojú yíyà. Mo pé mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, wọ́n ní, "Ojú ń bọ̀, má kánjú." Mo pé ogún, wọ́n ní, "Bó pẹ́ bó yá, akólòlò á pe bàbá." Mo wá ń bi ara mi pé ṣé èmi ni akólòlò ọ̀hún ni.

Ẹ̀gbọ́n mi ni wọ́n kọ́kọ́ kọ́. Bí wọ́n ṣe ń kọ́ni ní ojú nílé wa ni pé bàbá mi fúnra wọn ló máa jókòó, tí akẹ́kọ̀ọ́ á sì ya ojú tiwọn. Wọ́n ti ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù mọ́ra wọn fún ọjọ́ mẹ́ta gbáko. Ohùn bàbá mi ni mò ń gbọ́ láti ìta, wọ́n ń sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́, mi ò sì gbọ́ ohun tí wọ́n ń sọ. Lọ́jọ́ kẹta, bàbá mi bu kẹrosíìnì sí àkísà, wọ́n nu àwòrán náà kúrò pátápátá. Wọ́n ní, "Ọjọ́ a kú là ń dère, èèyàn ò sunwọ̀n láàyè," pé àwọn ò fẹ́ kí àwòrán àwọn máa wo àwọn nínú ilé àwọn. Mo bẹ ẹ̀gbọ́n mi títí pé kí wọ́n sọ fún mi ohun tí bàbá wí, wọ́n kọ̀. Inú bí mi tó bẹ́ẹ̀ tí mi ò fi bá wọn sọ̀rọ̀ fún ọ̀sẹ̀ kan. Èyí tó wá dùn mí jù ni pé ọdún kejì kò pé tí ẹ̀gbọ́n mi fi pa iṣẹ́ tì, tí wọ́n lọ ń ta símẹ́ǹtì àti páànù. Ẹni tí wọ́n fún ní ojú ò fẹ́ ẹ, èmi tí mo ń fẹ́ ẹ ń ya bọ́tìnnì kiri.

Ẹ má sì jẹ́ kí n purọ́, kì í ṣe iṣẹ́ nìkan ni mo ń fẹ́. Mo fẹ́ wo ojú bàbá mi. Bí wọ́n ṣe tọ́ wa ni pé bí àgbà bá ń bá ọ sọ̀rọ̀, ilẹ̀ ni kí o máa wò. Ọmọ tó bá ranjú mọ́ bàbá rẹ̀, wọ́n á ní ó fẹ́ bá a wọ̀jà ni. Nítorí náà, mo mọ gìgísẹ̀ bàbá mi, mo mọ ìka ọwọ́ wọn lọ́kọ̀ọ̀kan àti ọ̀dà tó há sábẹ́ èékánná, mo mọ bí wọ́n ṣe ń húkọ́ kí wọ́n tó bínú. Ojú wọn ńkọ́? Fìrí ni mo máa ń rí i, nígbà tí wọ́n bá ń wo ibòmíràn. Ẹni tó bá ń kọ́ ojú yíyà nìkan ló lè jókòó níwájú wọn kó máa wò wọ́n títí, kó má sì jẹ́ ìwọ̀sí.

Ojú kò tíì kàn mí tí mo fi wá sí Amẹ́ríkà. Láàárín ọdún 1990 sí 1995, Adelphi, ìlú kékeré kan níbẹ̀, ni mò ń gbé, nínú yàrá kan àti pálọ̀ ní àjà kejì, mo sì ń ṣiṣẹ́ ní ilé ìtọ́jú àwọn arúgbó kan níhà Forestville. Mo ń wẹ̀ wọ́n, mo ń fún wọn lóúnjẹ, mo ń yí wọn padà lórí ibùsùn. Ìyá arúgbó kan wà níbẹ̀ tí kì í gba gbẹ̀rẹ́. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́ tí wọ́n ń bá mi sọ̀rọ̀, mo wolẹ̀ bí ọmọlúàbí. Ìyá náà fi ọ̀pá gbá àga, wọ́n ní, "Look at me when I'm talking to you!" Mo gbójú sókè pẹ̀lú ìbẹ̀rù. Bí mo ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í wo ojú àgbà nìyẹn, pẹ̀lú àṣẹ onílé.

Àwòrán ni mo fi ń gbádùn òpin ọ̀sẹ̀ mi. Obìnrin kan ní Lanham ló mú mi padà sídìí rẹ̀. Bàbá rẹ̀ kú nílé, kò sì lè lọ sin ín nítorí pépà ìgbélùú. Ó mú fọ́tò pásípọ́ọ̀tù bàbá náà wá, kékeré bí ìdérí ìgò, ó ní, "Àǹtí, mo gbọ́ pé ẹ ti ya àwòrán rí. Ẹ bá mi gbé dádì mi tóbi, kí n rí nǹkan gbé sí pálọ̀ tí àwọn èèyàn bá wá kí mi." Mo fi léèsì funfun wọ bàbá náà láṣọ, mo tẹ ihò léèsì náà lọ́kọ̀ọ̀kan. Ojú ńkọ́? Mo fa ìlà pín fọ́tò náà sí igun kéékèèké, mo sì gbé ohun tó wà nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan sórí àwòrán bó ṣe wà. Nígbà tí obìnrin náà rí i, ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ pálọ̀ mi, ó sunkún títí. Láti ọjọ́ náà ni wọn ò ti jẹ́ kí n sinmi. Ẹni tí kò lè lọ sin ìyá, ẹni tí kò rí bàbá mọ́ láti ọdún mẹ́wàá, mùsùlùmí, onígbàgbọ́, gbogbo wọn ni wọ́n ń mú fọ́tò wá. Nígbà tó yá, àwọn aláwọ̀ dúdú ará ibí náà bẹ̀rẹ̀ sí í wá, pásítọ̀ kan pàápàá ní kí n ya gbogbo àwọn tó ti ṣe olórí ìjọ àwọn sẹ́yìn. Iṣẹ́ yìí ni mò ń jẹ títí dòní. Mo ń ya bàbá gbogbo ayé, mi ò sì rí tèmi wò.

Ìwé ìgbélùú mi ló fà á. Ó wà lọ́wọ́ ìjọba, wọ́n sì ti sọ fún mi pé bí mo bá fi jáde, kí n má ronú pé mo máa padà wọlé. Àárò bàbá mi wá ń sọ mí débi pé bí mo bá gbọ́ tí arúgbó kan húkọ́ níbi iṣẹ́, màá sáré yíjú padà. Nígbà tí ó di ọdún kẹjọ tí mo ti kúrò nílé, mo ní kí wọ́n máa bọ̀. Wọ́n lọ gba físà, wọ́n rí i gbà, oṣù mẹ́fà ni wọ́n sì tẹ̀ fún wọn ní pápákọ̀ òfurufú. Wọ́n dé ní ìparí oṣù kẹta, òtútù ò tíì lọ tán, wọ́n wọ súwẹ́tà mẹ́ta léra wọn. Mo kúnlẹ̀ sórí símẹ́ǹtì níwájú gbogbo òyìnbó. Wọ́n gbé ọwọ́ lé mi lórí, ọwọ́ náà ṣì ń rùn kẹrosíìnì.

Kí wọ́n tó jẹun rárá ni wọ́n ti ń wo àwòrán mẹ́ta tó dúró ti ògiri pálọ̀ mi. Wọ́n wò wọ́n pẹ́. Wọ́n ní, "Aṣọ yìí dáa. Aṣọ yìí dáa gan-an." Wọn ò sọ nǹkan kan nípa ojú. Mo dúró, mo gbé ọbẹ̀ kaná, mo tún padà wá dúró. Ọjọ́ kẹta ni mo tó lè bi wọ́n.

"Bàbá, ojú wọn ńkọ́?"

"Ta ló kọ́ ọ?"

"Kò sẹ́ni tó kọ́ mi, sà. Mo kàn ń wo fọ́tò ni."

"Ó hàn bẹ́ẹ̀. Fọ́tò lo yà, o ò ya èèyàn."

Ó dùn mí dé egungun. Mo fẹ́ sọ pé ta ló fà á, ta ló ń sọ fún mi pé kí n má kánjú láti ọmọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í fọ abọ́ tó ti mọ́ tẹ́lẹ̀. Bàbá mi jókòó síbẹ̀, wọ́n rí ẹ̀yìn mi, wọ́n sì mọ̀ pé mò ń bínú. Wọ́n ní, "Ojú lọ̀rọ̀ wà. Mo mú sányán mi dání. Lọ́jọ́ tí o kì í lọ síbi iṣẹ́, màá jókòó fún ọ. Bí o bá ya aṣọ tán, tí a bá kan ojú, o máa wò mí bí ìgbà tí o bá ń wo ẹgbẹ́ rẹ. Mo ti yọ̀ǹda. Ọjọ́ tí o bá sì yà á tán ni màá padà sílé, torí ohun tí mo wá ṣe nìyẹn."

Bí ẹ bá rí mi lálẹ́ ọjọ́ náà, ẹ ó rò pé wọ́n fún mi ní gíríìnì káàdì ni.

Sátidé la fi ṣe é. Láàárín ìrun àyìlá sí alàásárì, bàbá mi á wọ agbádá sányán, wọ́n á dé fìlà, wọ́n á jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé tó kọjú sí ibi tí wọ́n ń páàkì mọ́tò sí. Wọ́n á máa sọ̀rọ̀ nípa àwọn tó ń kọjá. Kí ló dé tí ẹnikẹ́ni ò kí ẹnikẹ́ni? Kí ni ajá yẹn ń wọ súwẹ́tà fún? Láàárín ọ̀sẹ̀, tí mo bá lọ síbi iṣẹ́, wọ́n á máa ya àwọn tó ń dúró de bọ́ọ̀sì sẹ́yìn àpò lẹ́tà owó iná mànàmáná mi, ìlà mẹ́rin péré, ó ti di èèyàn. Mo máa ń bá àwọn àpò lẹ́tà náà lórí tábìlì tí mo bá dé, mo sì máa ń jowú wọn.

Sányán kò ṣòro fún mi. Ká ní mo fẹ́ ni, Sátidé mẹ́rin ti tó. Ṣùgbọ́n wọ́n ti ní ọjọ́ tí mo bá ya ojú tán ni àwọn máa lọ. Ẹ jọ̀ọ́, ta ni ẹni tó máa yára lé bàbá rẹ̀ lọ? Mo bẹ̀rẹ̀ sí í ya òwú sányán náà ní fọ́nrán kọ̀ọ̀kan. Mo ya ibi tí wọ́n ti so ó pọ̀, mo ya ojú abẹ́rẹ́ tó wà lọ́rùn, mo pa apá òsì rẹ́, mo tún un yà. Ooru dé, bàbá mi ń làágùn nínú agbádá, mo gbé fáànù tì wọ́n, mo sì ń ya òwú lọ. Ọkùnrin Ìjẹ̀bú kan tó ń gbé nísàlẹ̀ ilé wa ló máa ń fi takisí rẹ̀ gbé wọn lọ sí mọ́ṣáláṣí ní Lanham lọ́jọ́ Jímọ̀. Ó wọlé wá lọ́jọ́ kan, ó wo káńfáàsì tí mò ń ya àwòrán sí, ó ní, "Àǹtí, ṣé ẹ̀ ń ya aṣọ yìí ni àbí ẹ̀ ń hun ún?" Bàbá mi rẹ́rìn-ín. Wọ́n mọ ohun tí mò ń ṣe. Wọn ò fìgbà kan sọ pé kí n yára.

Èyí tí mi ò sọ fún ẹnikẹ́ni nígbà náà ni pé ẹ̀rù tún ń bà mí. Àwọn arúgbó Forestville, mo lè wò wọ́n, wọn ò bí mi. Ti bàbá mi yàtọ̀. Ní gbogbo ìgbà tí mo bá rò ó pé ó ku ọ̀la kí n gbójú sókè wò wọ́n tààrà, orúnkún mi á máa fẹ́ kúnlẹ̀ fúnra rẹ̀. Mo wá ń sọ fún ara mi pé ó di Sátidé tó ń bọ̀. Bẹ́ẹ̀ la ṣe ń lò ó lọ, Sátidé méjìdínlógún.

Nínú oṣù kẹjọ, ẹ̀gbọ́n mi pè láti ilé. Ẹ̀gbọ́n bàbá mi obìnrin, olórí ẹbí wa, dùbúlẹ̀ àìsàn, orúkọ bàbá mi ni wọ́n sì ń pè. Bàbá mi gbé fóònù sílẹ̀, wọ́n ní, "Bá mi wá ọkọ̀ òfurufú." Ọjọ́bọ̀ la rí. Ní ọjọ́ Wẹ́sìdé, mo tọrọ ààyè níbi iṣẹ́, mo sáré délé lọ́sàn-án. Bàbá mi ti di ẹrù tán. Wọ́n tún sányán náà yọ láti inú àpótí, wọ́n wọ̀ ọ́, wọ́n jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé. Gbogbo aṣọ ti parí lórí káńfáàsì, ọwọ́ méjèèjì ti parí, fìlà ti parí. Ó ku ojú.

Wọ́n ní, "Ó yá. Wò mí."

Mo mú búrọ́ọ̀ṣì. Mo gbé orí sókè, ojú mi dé ibi ọrùn agbádá, ó dúró síbẹ̀. Mo tún gbìyànjú. Ó tún dúró síbẹ̀. Mo rí i pé ojú abẹ́rẹ́ kan wà lápá ọ̀tún tí mi ò yà dáadáa, mo bẹ̀rẹ̀ sí í tún un ṣe. Mo ń gbọ́ bí wọ́n ṣe ń mí. Lẹ́yìn bí ìṣẹ́jú mélòó kan, mo gbé búrọ́ọ̀ṣì sílẹ̀, mo ní ìmọ́lẹ̀ ò dáa tó lónìí, mo ní, "Bàbá, ẹ máa padà wá lọ́dún tó ń bọ̀, a ó ṣe é nígbà náà." Wọ́n wá ní, "Kò burú." Wọ́n bọ́ agbádá, wọ́n ká a bó ṣe yẹ kí wọ́n ká a, etí mọ́ etí.

Ní pápákọ̀ òfurufú, mo kúnlẹ̀ kí wọ́n ṣàdúrà fún mi. Bàtà wọn ni mò ń wò. Nígbà tí mo máa dìde, wọ́n ti wọ àárín èrò.

Ẹ̀gbọ́n wọn obìnrin yè. Bàbá mi ni wọn ò yè. Kò tíì pé ọdún kan tí wọ́n padà sílé tí wọ́n fi sùn tí wọn ò jí, lẹ́yìn ìrun àárọ̀, lórí ẹní. Wọ́n ti sin wọ́n kí n tó gbọ́. Ìwé mi ṣì wà lọ́wọ́ ìjọba. Èmi náà wá di ọ̀kan nínú àwọn tó máa ń wá sọ́dọ̀ mi. Ẹ̀gbọ́n mi ní kí n fi àwòrán náà ránṣẹ́ kí wọ́n rí i gbé sílé ṣáájú àdúà ogójì ọjọ́. Mo ní kí àwọn fúnra wọn ya ojú Bàbá sí i, ṣebí Bàbá kọ́ wọn. Wọ́n ní ọwọ́ àwọn ti kú sí i, pé símẹ́ǹtì ni àwọn mọ̀ báyìí, pé èmi ni mo wà nídìí iṣẹ́.

Mo gbé káńfáàsì náà sórí igi ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta. Mo di ojú mi, mo wá bàbá mi nínú orí mi. Sányán ni mo rí. Mo rí i ní fọ́nrán fọ́nrán, mo rí ibi tí wọ́n ti so ó pọ̀. Mo sọ̀ kalẹ̀ sí ọwọ́, mo rí ọwọ́. Mo gòkè lọ sí ojú, kò sí nǹkan kan níbẹ̀. Sátidé méjìdínlógún ni bàbá mi fi jókòó níwájú mi kí n lè wò wọ́n, aṣọ ni mo wò. Mo sunkún, mo tún bú ara mi bí ẹni tó ń bú ọmọ ọlọ́mọ.

Mo ní kí ẹ̀gbọ́n mi wá fọ́tò ránṣẹ́. Bàbá mi ò fẹ́ràn fọ́tò, èyí tí wọ́n yà nítorí físà nìkan ló wà. Ẹnì kan tó ń bọ̀ láti Ìbàdàn ló mú un wá fún mi, mo sì lọ gbà á nílé rẹ̀ ní Lanham. Inú mọ́tò ni mo ti yọ ọ́ nínú àpò lẹ́tà. Fọ́tò ò ní kí n wolẹ̀, mo wò ó. Àpá kan wà lábẹ́ ojú òsì wọn, ó gùn tó èékánná ọwọ́, ó tẹ̀ bí oṣù tó ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ. Mi ò rí i rí láyé mi.

Nígbà tí mo délé, mo ra káàdì ìpè, mo pe ẹ̀gbọ́n mi.

"Ẹ̀gbọ́n mi, àpá wo ló wà lójú Bàbá?"

"Ti abẹ́ ojú òsì?"

"Ẹ̀n."

"Ọ̀bẹ tí bàbá wọn fi ń fín igbá ló gé wọn nígbà tí wọ́n wà lọ́mọdé. Bàbá ló ń bá bàbá wọn di igbá náà mú. Ìwọ ò mọ̀ ọ́n ni? Ọjọ́ tí Bàbá kọ́ mi ní ojú ni wọ́n sọ ọ́ fún mi. Ìtàn náà ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀. Wọ́n ní ẹni tó bá fẹ́ ya ojú àwọn gbọ́dọ̀ mọ ibi tí àpá yẹn ti wá."

Ẹ̀gbọ́n mi wá fi ohùn jẹ́jẹ́ bi mí pé, "Ṣé wọn ò sọ ọ́ fún ọ ní Amẹ́ríkà ni?"

Mo ní, "Wọ́n sọ ọ́ fún mi. Mo kàn fẹ́ gbọ́ ọ lẹ́nu yín ni."

Wọ́n bẹ̀rẹ̀ ìtàn náà láti ìbẹ̀rẹ̀. Mo fi fóònù há èjìká, mo wo fọ́tò náà, mo sì gbọ́ ọ dé òpin, fún ìgbà àkọ́kọ́.